St. Jude ní Memphis: ẹ má wo ìgbà kímò nìkan

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa àti àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í yéé bi mí bóyá owó tí St. Jude, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Memphis, ń tọrọ lórí tẹlifíṣàn ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ lóòótọ́. Wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ la ti tọ́jú àkọ́bí mi obìnrin. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, ti jẹ́ kí orí rẹ̀ pá, tó ń rẹ́rìn-ín sí yín nínú ìpolówó yẹn, apá kan ọ̀rọ̀ ló jẹ́. Apá kejì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irun bá ti hù padà, tí ọmọ ti ń sáré kiri, tí gbogbo ẹbí ti ṣe ìdúpẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó tún ń béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí mọ́. Apá kejì yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí òun ló jẹ́ kí n máa fi dọ́là 19 ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, mi ò sì ní in lọ́kàn láti dáwọ́ dúró.

Little Rock ní ìpínlẹ̀ Arkansas là ń gbé. Téèyàn bá gba títì I-40 láti ọ̀dọ̀ wa, á fi bíi wákàtí méjì wakọ̀, á gorí afárá odò Mississippi, ó ti dé Memphis nìyẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ mi nígbà tí ibà kan mú un tí kò lọ bọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún lóròòru, ibi tó bá sì fara gbá, kódà kó jẹ́ etí àga lásán, á di dúdú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Dókítà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ wa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti pè wá padà. Acute lymphoblastic leukemia ni, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, irú jẹjẹrẹ tó ń ṣe àwọn ọmọdé jù lọ. Dókítà yẹn náà ló kọ̀wé sí St. Jude fún wa. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn kan rò pé èèyàn lè gbé ọmọ sínú mọ́tò kó lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Dókítà ló ní láti tọ́ka ọmọ sí wọn, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, àìsàn ọmọ náà ní láti bá ọ̀kan mu nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ìwádìí ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tó wà níwájú wọn ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ nítorí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ti owó, wọn ò fún wa ní bíìlì kankan. Kì í ṣe pé wọ́n dín in kù fún wa o. Kò sí bíìlì rárá, ì báà jẹ́ ti ìtọ́jú, ti ìrìn-àjò, ti ilé tí a gbé tàbí ti oúnjẹ tí a jẹ. Bí ẹbí bá ní ìnṣọ́ránsì, wọ́n á gba èyí tí ìnṣọ́ránsì bá san. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àwọn tó ń fi owó ta wọ́n lọ́rẹ ló ń gbé e. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá jìnnà sí Memphis, wọ́n á fún un níbùgbé: ilé kan wà fún ẹni tó máa lo ọjọ́ díẹ̀, òmíràn wà fún ẹni tó máa lo ọ̀sẹ̀ kan sí oṣù mẹ́ta, Target House sì wà fún ẹni tó máa pẹ́. Ní 2023 wọ́n tún ṣí òmíràn tí wọ́n ń pè ní Domino's Village.

Target House ni wọ́n fi wá sí, yàrá méjì àti pálọ̀, pẹ̀lú kíṣìnnì tiwa fúnra wa. Ẹni tó bá ti tọ́jú ọmọ tó ń lo dexamethasone rí ló máa mọ ohun tí kíṣìnnì yẹn jẹ́ fún wa. Oògùn náà máa ń mú kí ebi pa ọmọ lápajù, ó sì máa ń jẹ́ kó máa bínú, kó máa sunkún láìnídìí. Láago méjì òru, ọmọ mi á jí, á ní ẹ̀bà lòun fẹ́ jẹ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, kí n sì bu ẹran sí i dáadáa. Màá dìde, màá gbé omi kaná. Á jẹ ẹ́ tán, á lá ọwọ́, á tún ní kí n tẹ òmíràn. Nínú yàrá ọsibítù, ta ló máa jẹ́ kí n tẹ ẹ̀bà láago méjì òru? Màmá mi ti wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa tọ́jú àbúrò ọmọ mi ní Little Rock. Bí wọ́n bá wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀, gbogbo wa la máa wà nínú ilé kan ṣoṣo bí ẹbí, kì í ṣe bí èrò tó wá wo aláìsàn.

Danny Thomas ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, òṣèré aláwàdà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Lẹ́bánónì. Nígbà tí iṣẹ́ ò tíì gbè é, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún St. Jude, ẹni mímọ́ tí àwọn Kátólíìkì máa ń ké pè nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá ti dí. Ayàwòrán ilé tó ya ilé àkọ́kọ́ fún wọn ni Paul Williams, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, kò sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1962 tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn, ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ ń gbàtọ́jú nínú wọ́ọ̀dù kan náà, ní gúúsù Amẹ́ríkà ìgbà yẹn tí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jọ mu omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan. Èmi tí mo gbé ọmọ dúdú wọ ibẹ̀, mo mọyì ìyẹn gan-an. Kí n má sì gbàgbé, wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní sickle cell níbẹ̀, wọ́n sì ti ń ṣèwádìí lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí àìsàn yẹn ti ṣe nínú ìdílé wa, ẹ ò ní nílò àlàyé.

Lọ́dún tí wọ́n ṣí ibẹ̀, nínú 100 ọmọ tó bá ní irú jẹjẹrẹ tí ọmọ mi ní, mẹ́rin péré ló ń yè é. Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà yẹn ò tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa fi oògùn líle yọ àwọn ọmọ náà lẹ́nu, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n kú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Donald Pinkel, ọ̀gá àkọ́kọ́ ní St. Jude, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kó oògùn tí wọ́n ti ń lò lọ́kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó ń lò wọ́n papọ̀. Ó ń bá a lọ fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kódà nígbà tí wọn ò bá rí jẹjẹrẹ kankan nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ó sì lé àìsàn náà dé ibi tó máa ń sá pamọ́ sí, ìyẹn omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, níbi tí oògùn tí wọ́n bá fà sójú iṣan kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ìtànṣán ló ń darí sí orí àwọn ọmọ láti pa á níbẹ̀. Pẹ̀lú ètò ìtọ́jú karùn-ún tí wọ́n dán wò ní nǹkan bí 1967 sí 1968, bí ìdajì àwọn ọmọ náà ló ń rí ìwòsàn.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Àwọn ọmọ yè, wọ́n padà sílé, wọ́n padà síléèwé. Ilé ìwòsàn lè sọ pé ó tán, iṣẹ́ ti parí. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pe àwọn ọmọ náà padà, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò bí wọ́n ṣe ń dàgbà, wọ́n sì rí i pé ìtànṣán tó gbà wọ́n là ti ṣèpalára fún wọn. Ẹ̀kọ́ nira fún àwọn kan. Àwọn kan ò ga tó bó ṣe yẹ. Jẹjẹrẹ mìíràn yọ sí àwọn kan nínú ọpọlọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ká ní wọn ò tẹ̀ lé wọn ni, ta ni ì bá mọ̀? Ní 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ń pè ní Total Therapy XV, tí Dókítà Ching-Hon Pui darí. Wọ́n yọ ìtànṣán orí kúrò pátápátá, oògùn tí wọ́n ń gún sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2009, ó lé ní 90 nínú 100 ọmọ tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Iye tí wọ́n ń sọ báyìí ni 94.

Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tan ìtànṣán kankan sórí ọmọ mi. Àwọn ọmọ kan tí mi ò mọ̀ rí, tí wọ́n ti di àgbàlagbà báyìí, gba tiwọn, wọ́n sì padà wá kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìwádìí ń ṣe fún ọmọ tó ń ṣàìsàn lónìí, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí oògùn ọmọ mi parí, lẹ́yìn bí ọdún méjì ààbọ̀, àwọn nọ́ọ̀sì kó ara wọn jọ, wọ́n kọrin fún un, wọ́n sì da bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà lé e lórí. Gbogbo ọmọ tó bá parí kímò níbẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é fún. Nígbà tá a délé, a lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jó, a tún jó. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká máa mú un wá sí ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní ACT, ti àwọn ọmọ tó ti parí ìtọ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Màmá mi, tí wọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, pè mí lórí fóònù, inú wọn ò dùn.

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni wọ́n tún ń wá lára ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá? Ṣé ẹ fẹ́ fi ẹnu yín pe àìsàn padà ni?"

Mo ní, "Mọ́mì, kì í ṣe àìsàn yẹn ni wọ́n ń wá. Oògùn tó lé e lọ ni wọ́n ń wo ibi tó gbà kọjá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó da. Ẹ mú un lọ."

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo ṣe ń yin ilé ìwòsàn yìí. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wá, ó sì gbé ìwé kan fún wa tí wọ́n kọ gbogbo oògùn tí ọmọ mi gbà sí, orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àpapọ̀ ìwọ̀n àwọn tó yẹ kéèyàn mọ ìwọ̀n wọn. Níwájú oògùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ohun tó lè fà síbẹ̀ àti ohun tá a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Daunorubicin lè sọ ọkàn di aláìlágbára, ó sì lè má fara hàn títí ọ̀pọ̀ ọdún á fi kọjá, nígbà míì ó lè jẹ́ ìgbà tí ọmọbìnrin yìí bá lóyún. Vincristine lè ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Dexamethasone lè pa egungun ìgbáròkó lára. Methotrexate lè jẹ́ kí ọpọlọ lọ́ra láti mú nǹkan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà, kó fi gìgísẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi fèrèsé, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa wo òkè. Ẹni tí vincristine bá ṣe lẹ́ṣẹ̀ kì í lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè dáadáa. Ó rìn ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ń fẹ́ balẹ̀, èmi ìyá rẹ̀ tí mò ń rí i lójoojúmọ́ ò sì ṣàkíyèsí rẹ̀ nílé rí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti fi ìdárayá tí á máa ṣe hàn wá. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un lọ sí yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa á láyà, wọ́n ń yí ẹ̀rọ kiri lórí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì jáde sójú tẹlifíṣàn, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Ó bi obìnrin tó ń ṣe é pé ṣé bí ọkàn gbogbo èèyàn ṣe rí nìyí. Obìnrin náà dá a lóhùn dáadáa, ó fi ìlẹ̀kùn inú ọkàn hàn án, ó jẹ́ kó kà wọ́n. Ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, a dúpẹ́.

Èyí tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni ti ọpọlọ. Obìnrin kan jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí, á ka nọ́ńbà fún un, á ní kó kà á padà láti ẹ̀yìn, á tún fún un ní àwòrán kó tò ó. Tíṣà rẹ̀ ní Little Rock ti ń sọ pé ó ń lọ́ra, pé kì í fọkàn sí iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ láti Memphis ló yí ọ̀rọ̀ náà padà: ọmọ yìí ń fọkàn sí i, òye rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n àkókò tó ń gbà á láti ronú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Iléèwé fi àkókò kún tirẹ̀ nígbà ìdánwò. Sáà tó tẹ̀ lé e, àmì ìṣirò rẹ̀ lọ sókè, kò sì sunkún lálẹ́ ọjọ́ Àìkú mọ́.

Mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò bá sí irú rẹ̀. Dókítà kan tá a lọ rí nítòsí ilé wo ọmọ mi láti òkè délẹ̀, ó ní ara rẹ̀ le, kí la fẹ́ fi yíya àwòrán ọkàn ṣe. Ìnṣọ́ránsì tá a ní nígbà náà kọ̀ láti san án, wọ́n ní kò pọn dandan. Ìwé yẹn náà ni mo gbé jáde, mo fi ìka tẹ ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n daunorubicin sí. Ó gba ọ̀pọ̀ ìpè kí wọ́n tó gbà. Mo máa ń ronú nípa àwọn òbí tí kò nírú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ mi nìkan. Ní 2007, St. Jude bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tó ń jẹ́ St. Jude LIFE, tí wọ́n fi ń pe àwọn tí wọ́n tọ́jú nígbà èwe padà wá sí Memphis nígbà tí wọ́n bá ti dàgbà, kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò láti orí dé ẹsẹ̀. Ní 2013 wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí lára 1,713 nínú wọn jáde: wọ́n ṣírò rẹ̀ pé tí wọ́n bá fi máa pé ọmọ ọdún 45, 95 nínú 100 wọn á ti ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan, ó kéré tán. Ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, etí, àwọn ẹṣẹ́ inú ara. Àwọn kan nínú wọn ò sì mọ̀ pé ó ń ṣe àwọn, àfìgbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìyẹn, àyà mi já. Báyìí, ó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ẹnì kan ń wá a, torí ohun téèyàn bá tètè rí ni ọwọ́ lè ká.

Mi ò ní sọ pé kò sí ohun téèyàn lè bi wọ́n. ACT kì í ṣe títí ayé. Nígbà tí ọmọ bá ti pé ọdún 18, tó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti rí àìsàn rẹ̀, wọ́n á fà á lé dókítà ìlú rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ṣì lè pè é wá fún ìwádìí, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ojoojúmọ́ ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn oníròyìn ProPublica kọ ọ́ síta pé owó tí wọ́n tò pa mọ́ tó bílíọ̀nù 5.2 dọ́là, nígbà tí àwọn òbí kan ń jẹ gbèsè owó ilé àti ti mọ́tò nílé torí pé wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé ọmọ. Ìbéèrè tó tọ́ ni, inú mi sì dùn pé wọ́n béèrè rẹ̀, torí ọdún tó tẹ̀ lé e ni St. Jude fi kún ìrànwọ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ẹbí. Àwa náà mọ bí iṣẹ́ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn lásìkò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìtọ́jú ọmọ kan á gba ọdún méjì ààbọ̀, títọ́ ipasẹ̀ rẹ̀ á gba ogójì ọdún. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n tọ́jú owó pa mọ́ fún irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí àwọn òbí má jẹ gbèsè nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lọ́hùn-ún á máa sọ pé, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, àwa ńkọ́? Ní àwọn ilẹ̀ olówó, ó lé ní 80 nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ tó ń yè é. Ní àwọn ilẹ̀ tálákà, kò tó 30. Burkitt lymphoma, jẹjẹrẹ tó máa ń wú àwọn ọmọ wa lẹ́rẹ̀kẹ́, wà lára àwọn tó tètè ń gbọ́ kímò, ṣùgbọ́n owó oògùn máa ń tán lọ́wọ́ àwọn òbí láàárín ọ̀nà, wọ́n á sì gbé ọmọ padà sílé. Ní 2021, St. Jude àti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ètò kan tí wọ́n á fi máa fún àwọn ilẹ̀ tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí ní oògùn jẹjẹrẹ ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́, St. Jude sì ya 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún un. Ó ń lọ ní ìpele ní ìpele, láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kí owó òun balẹ̀ sí Nàìjíríà tààrà, Children Living With Cancer Foundation àti The Dorcas Cancer Foundation wà ní Èkó, iṣẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n ń ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ fún St. Jude lówó, ẹ jẹ́ kó máa lọ lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ, torí iṣẹ́ ogójì ọdún ò ṣeé fi owó ọdún Kérésì nìkan gbé. Ẹ béèrè níbi iṣẹ́ yín náà bóyá wọ́n máa ń fi kún ohun tí òṣìṣẹ́ bá tọrẹ.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti parí kímò ní ibòmíràn, ní Ìbàdàn o, ní Lọ́ńdọ̀nù o, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ gbogbo oògùn tó lò kí fáìlì náà tó sọnù. Àwọn dókítà Children's Oncology Group ti kọ ìtọ́sọ́nà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, nípa ohun tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ fún oògùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi han dókítà yín. Bí ó bá jẹ́ daunorubicin tàbí doxorubicin ló lò, ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé náà.